Ẹ̀dà Mẹ́ta fún Ẹyọ Ìmọ́lẹ̀ Kan

Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Èmi kì í ṣe ajá, ẹ jẹ́ kí n rọ́ tèmi. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yàrá wa. Màá débẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn yìí. Bọ́dùndé, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò kí Ìyá Àríkẹ́ ráyè jókòó. Fúláàsì tó wà lẹ́bàá mi yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án, kì í ṣe oúnjẹ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mo lá àlá náà lónìí, lórí bẹ́ǹṣì onígi tó wà níwájú ọ́fíìsì àwọn tó ń pín yàrá. A ò tiẹ̀ lè sọ pé mo sùn, torí ọrùn ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Àríkẹ́, ọdún mẹ́fà lẹ ti ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ẹ ò sì bi mí rí pé kí ni mò ń ṣe nínú òkùnkùn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, kí àlá náà lè yé yín.

Kóró kan tó ń tan ìmọ́lẹ̀ ni mò ń sè. Mo máa ń sè é nínú ìgò lórí iná bí ẹni ń se ọbẹ̀, títí á fi tóbi tó bí mo ṣe fẹ́. Èyí tí kò bá pẹ́ lórí iná máa ń tan búlúù, èyí tó bá pẹ́ máa ń tan pupa. Ó kéré débi pé bí ẹ bá tò wọ́n sí ìbú irun orí kan ṣoṣo, ẹgbàárùn-ún wọn á gbà níbẹ̀. Inú omi kan tó ń rùn bí ọ̀dà ìkunlé ni wọ́n ń gbé, wọn kì í sì í rì sísàlẹ̀ bí ògì ṣe ń rì. Ohun tí mo fẹ́ kí kóró náà ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá tan iná lésà sí i, kó tu ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo. Kó sinmi. Kó tún tu òmíràn. Gílóòbù tó wà lókè orí wa yìí ń tú ìmọ́lẹ̀ jáde bí èrò tó ń jáde ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ta ló lè kà á? Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹyọ kan, èèyàn lè fi ránṣẹ́ àṣírí. Bí olè bá yọjú wò ó lójú ọ̀nà, ó ti tán nìyẹn, torí ojú tó bá rí i ti gbé e mì. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí á sì mọ̀ pé olè ti kọjá níbẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sè é. Nígbà mìíràn á tu méjì pọ̀, nígbà mìíràn á kú sórí iná. Lóṣù tó kọjá, ìgò kan ṣe é. Ọ̀kan, ìsinmi, ọ̀kan, ìsinmi. Mo jókòó sínú òkùnkùn yàrá yẹn, mo sunkún, kò sì sí ẹni tí mo lè pè wá wò ó, nítorí ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í ṣe ojú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kejì tí ìwé dé pé wọ́n fẹ́ gba yàrá náà, àga tó ti kán ni wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la ni àga ń bọ̀, àfi tí mo bá mú ẹ̀rí iṣẹ́ mi lọ, tí wọ́n sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kí iṣẹ́ tó parí lónìí Jímọ̀. Yàrá mìíràn tó ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ kò sí nílé ẹ̀kọ́ yìí. Bí wọ́n bá gbà á, iṣẹ́ mi tán.

Nítorí náà mo fi òwú wé ìgò náà, mo gbé e sínú fúláàsì oúnjẹ mi, mo di fáìlì mú, mo sì ti wà lórí bẹ́ǹṣì ní aago mẹ́jọ. Ìyá Ibùkún, akọ̀wé wọn, ní Alága ìgbìmọ̀ tó ń pín yàrá wà nínú ìpàdé. Ó di aago mẹ́wàá, Alága wà nínú ìpàdé. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan, bẹ́ǹṣì náà bá mi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Egungun ìdí yín ń gún mi."

Mo sún. Ohun tí èèyàn bá jókòó lé, ó yẹ kó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

"Ọdún mélòó lẹ ti wà níbí?" mo bi í.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Àwọn kan tó jókòó lé mi ti fẹ̀yìn tì. Àwọn kan ti kú. Fọ́ọ̀mù wọn ṣì wà lórí tábìlì." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin náà ń wo ilẹ̀kùn. Ọ́fíìsì ò sí níbẹ̀ mọ́."

Mo gbójú sókè. Òótọ́ ni. Ilẹ̀kùn nìkan ló kù lára ògiri. Ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ti gbéra, ó ń léfòó lókè táńkì omi ilé ẹ̀kọ́, páànù orí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń kán omi sórí àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀. Okùn fáìlì kan, aláwọ̀ ewé, ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá síbẹ̀ tí n kì í bá ẹnì kankan, mo kàn sọ lọ́kàn mi pé ibi tí wọ́n máa ń wà nìyí.

Bẹ́ǹṣì náà dìde pẹ̀lú mi lórí, ó ń tiro bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ó gbé mi dé ìdí okùn. "Ibí ni mo mọ," ó ní. "Àwa tí wọ́n ń jókòó lé, wọn kì í jẹ́ ká wọlé."

Mo fi etí fáìlì sẹ́nu, mo gbé fúláàsì kọ́rùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí gun okùn. Bọ́dùndé, o ń rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín lọ, tábìlì tìrẹ náà wà nínú yàrá yẹn.

"Màmá," ohùn kan sọ nínú fúláàsì.

Mo mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kóró mi ni. Mo dúró lórí okùn, mo ń retí ọ̀rọ̀ kejì, torí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ kó tó sinmi. Èmi ni mo tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Ibo?"

"Ọ́fíìsì là ń lọ. Wọ́n fẹ́ rí ẹ."

Ó sinmi. Ìkuukùu kan kọjá níwájú mi.

"Ta?"

"Alága."

Ó tún sinmi. Mo ti gun okùn náà dé ìdajì kó tó fèsì.

"Ẹ̀rù."

"Má bẹ̀rù," mo ní, mo sì ń gun okùn lọ. Ìyá tó ń gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, irọ́ tó máa ń pa fún un nìyẹn.

Nígbà tí mo dókè, mo bá Ìyá Ibùkún nídìí tábìlì rẹ̀, ó da ẹ̀wà sínú àwo tí wọ́n ń kó ìwé tó ń wọlé sí, ó ń ṣa òkúta inú rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ti pẹ́ jù, Dókítà. Ẹ̀rí dà?"

"Ó wà nínú fúláàsì."

"Ẹyọ mélòó?"

"Ẹyọ kan."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. "Ẹyọ kan báwo? Ẹ̀dà mẹ́ta ni òfin wí. Ọ̀kan fún Alága, ọ̀kan fún fáìlì, ọ̀kan fún èyí tó máa sọnù."

"Ìyá Ibùkún, kò ṣé ṣe ẹ̀dà. Jíjẹ́ tó jẹ́ ẹyọ kan ló jẹ́ kó wúlò."

"Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ nìyẹn. Ẹ̀rọ wà ní kọ̀rọ̀ yẹn."

Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì náà jókòó sórí àpótí ní kọ̀rọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó lórúnkún, ó ń wúkọ́, ikọ́ rẹ̀ dúdú bí èédú. "Ẹ káàsán, Dókítà," ó ní. "Ẹ má wulẹ̀ ṣí i. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ìwé tí ẹ kọ lórí rẹ̀, igba ojú ewé ó lé mẹ́rìnlá, ṣebí ọ̀dọ̀ mi lẹ ti wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo kà á tán."

Àwọn mẹ́rin ni ilé ẹ̀kọ́ yàn pé kí wọ́n ka ìwé yẹn. Ẹnì kan bi mí ìdí tí àlàfo ẹ̀gbẹ́ ìwé náà fi tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnì kan bi mí ìdí tí orúkọ òun fi wà ní ìkẹta. Àwọn méjì yòókù kí mi kú iṣẹ́, wọ́n sì ní kí n bá àwọn kí ilé.

"Kéèyàn tó ṣe ẹ̀dà nǹkan," ẹ̀rọ náà ní, "á kọ́kọ́ wò ó. Èyí sì rèé, ẹni tó bá ti wò ó ti pa á. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́, ó wà ní ojú ewé ọgọ́rin. Ẹ sọ fún wọn pé mo ní mi ò ṣe é."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìdí ìró mi nù ún lẹ́nu. Inú mi bàjẹ́, n ò ní parọ́ fún yín. Láti ọdún mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo ló lóye ohun tí mò ń ṣe, ẹ̀rọ tó ń wúkọ́ sì ni.

Mo yíjú padà kí n jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi fún Ìyá Ibùkún, ògiri ti di dígí. Òrùlé ti di ìdérí ìgò. Omi tó ń rùn bí ọ̀dà kún gbogbo ọ́fíìsì, mo sì ń mí nínú rẹ̀ láìsí wàhálà. Ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀, àwọn márùn-ún, àti tábìlì wọn, wọ́n dúró sáàárín omi náà, wọn ò rì, wọn ò sì léfòó. Mo wò wọ́n fínnífínní, torí iṣẹ́ mi ni. Ọ̀rá ni wọ́n fi ra gbogbo ara. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kóró mi rí: ọ̀rá tó yí i lára ni kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kó rì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó bí àwọn èèyàn yìí ṣe ń wà lórí àga láti ìjọba kan dé òmíràn, tẹ́nikẹ́ni kì í rí wọn kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ ti rí i báyìí, ọ̀rá ni.

Alága tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Màdáàmù, a ti gbọ́ nípa yín. Wọ́n ní ẹ ní iná kan."

"Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ni, sà."

"Ẹyọ kan." Ó wo àwọn yòókù. "Àwọn bàbá wa ní igi kan kì í dágbó ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n tún ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó lè tan yàrá?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó lè gbé fáànù?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá lè ṣe?"

Mo ti kọ ìdáhùn yẹn sílẹ̀ láti ilé, ojú ewé méjì, ó wà nínú fáìlì. Fáìlì ti rin gbingbin. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ó lè dá wà, sà."

Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sílẹ̀, ó wò ó, ó pa á rẹ́.

"Àwọn méjì kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà láé," mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. "Ọ̀kan ni. Òkùnkùn yí i ká, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò dúró de kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e." Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé ara mi ni mò ń sọ. Ó dùn mí wọra pé iwájú àwọn èèyàn yìí ni mo ti sọ ọ́.

"Ó dáa," Alága ní. "Ẹ jẹ́ ká wò ó."

"Ẹnì kan ṣoṣo ló lè wò ó, sà. Ojú tó bá rí i ti gbé e mì. Àwọn yòókù á gba ẹni náà gbọ́."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, níbi gbígba ẹnì kan gbọ́. Alága ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, òun lòun máa wò ó. Ẹnì kejì ní lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ òun fi ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ti Alága. Ẹnì kẹta ní tòun ti sọnù, àmọ́ òun rántí pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n kó lẹ́tà jáde, ohùn ń ga. Irùngbọ̀n ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni etí yọ lábẹ́ fìlà Alága. Kí n tó ka ení sí èjì, ewúrẹ́ márùn-ún ló yí tábìlì ká, wọ́n ń já lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, èyí tó bá já a gbà á jẹ ẹ́.

Ìyá Ibùkún ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé lọ ní tirẹ̀. Mo yọjú wò ó. Ó ti kọ ọ́ pé, "Alága fèsì pé mèé. Ìgbìmọ̀ fara mọ́ ọn." Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ti òní tiẹ̀ yára.

Ewúrẹ́ onífìlà kúrò láàárín àwọn yòókù, ó rọra wá gbé àgbọ̀n lé fúláàsì.

"Ṣetán," kóró sọ nínú rẹ̀.

"Dúró ná," mo ní. "Ewúrẹ́ ni."

Ó sinmi. Ó ní, "Ojú."

Mo rò ó, mo rí i pé ó gbọ́n jù mí lọ. Ojú ni ojú ń jẹ́. Mo ṣí fúláàsì. Ẹyọ kan jáde. Èmi ò rí i, n ò rí i rí láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n mo rí ewúrẹ́ náà. Ó dákẹ́ jíjẹ. Ìwé tó ń jẹ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Mo rí i," ewúrẹ́ náà ní jẹ́jẹ́. "Pupa ni. Ó dá wà." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "N ò mọ̀ pé ohun tó kéré tó báyìí lè wá dé ọ̀dọ̀ mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn. Ó dùn débi pé mo gbàgbé ọdún mẹ́fà. Mo sáré tẹ́ fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀. "Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, sà." Ó gbé pátákò sókè.

Ìyá Ibùkún fi ọwọ́ bo fọ́ọ̀mù náà. "Ewúrẹ́ kì í fọwọ́ sí ìwé níbí."

"Alága ni."

"Ní báyìí, ewúrẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó padà di Alága ná."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. A dúró. Irùngbọ̀n wọlé, etí padà sábẹ́ fìlà, Alága nu ẹnu rẹ̀, ó mú kálàmù. "Kí ni mo fẹ́ fọwọ́ sí?"

"Pé ẹ rí i, sà."

"Pé mo rí kí ni?"

"Ìmọ́lẹ̀ náà, sà. Ẹ ní pupa ni. Ẹ tiẹ̀ sunkún."

Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. "Màdáàmù, mi ò rí nǹkan kan." Omi náà ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò tíì gbẹ. "Ẹ tún un ṣe ká rí i."

Mo kan fúláàsì. "Ọmọ mi, dákun, ọ̀kan sí i." Kò dáhùn. Ohun tó máa ń ṣe nìyẹn, Bọ́dùndé mọ̀ ọ́n: nígbà mìíràn, láìsí ìdí kankan, kóró á kàn pa ojú dé. Ó lè ṣe ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ohun téèyàn lè ṣe ju kó dúró. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró díẹ̀. Àwọn tó mú mi jókòó láti aago mẹ́jọ, tí wọ́n mú bẹ́ǹṣì dúró fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọn ò lè dúró ìṣẹ́jú kan. Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní oúnjẹ ti délẹ̀.

N kì í bínú lójú àlá, ṣùgbọ́n mo bínú. Mo ní, "Ẹ rí i. Ẹ rí i, ẹ gbé e mì, ẹ wá ń sọ fún mi pé kò sí."

"Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀," Alága ní, "ní ẹ̀dà mẹ́ta."

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, tí àwọn àga wọlé. Àga mọ́kànlélógún, òmíràn ò lẹ́sẹ̀, òmíràn ò lẹ́yìn, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, kálukú fi fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fọwọ́ sí sábẹ́ apá. Alága ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ káàbọ̀ o. Yàrá yín ti wà nílẹ̀."

"Ṣé àwọn mú ẹ̀rí wá ni?" mo béèrè.

"Gbogbo èèyàn ló rí i pé wọ́n ti kán," Ìyá Ibùkún dáhùn. "Ẹ̀rí wo ló tún kù?"

Ewúrẹ́ kan wà tí kò tíì padà di èèyàn, òun ló lọ síbi fèrèsé tó ń jẹ okùn fáìlì tó so wọ́n mọ́lẹ̀. Okùn já. Ọ́fíìsì ń lọ sókè, èmi ń lọ sísàlẹ̀, mo gbá fúláàsì mọ́yà. Bí mo ṣe ń já bọ̀ ni kóró lajú.

"Màmá."

"Mò ń gbọ́ ẹ."

Ó sinmi. Mo rí táńkì omi tó kọjá lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mo," ó ní.

Mo ń retí ọ̀rọ̀ kejì. Mo ń já bọ̀, mo ń retí. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ dé.

Mo jí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wà lórí igi bẹ́ǹṣì, ìṣó kan ti tẹ̀ mí níbẹ̀, ẹ ṣì lè rí àpá rẹ̀. Aago mẹ́rin ti kọjá. Mo gbé fúláàsì sétí, bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Kò sọ nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, Ìyá Ibùkún ń yí i, báàgì rẹ̀ wà ní apá.

"Ẹ̀yin lẹ sùn, Dókítà," ó ní. "Alága jáde láago méjì. Ó dúró síwájú yín níbí, ó wò yín títí. Ó ní ká má jí yín, pé ó rẹ̀ yín."

"Ó wò mí?"

"Ó wò yín dáadáa."

"Ṣé ó fọwọ́ sí i?"

"Báwo ló ṣe máa fọwọ́ sí i? Fáìlì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ mú un wá ní Mọ́ńdè, kí ẹ̀dà rẹ̀ pé mẹ́ta."

"Àárọ̀ ọ̀la ni àga ń bọ̀, Ìyá Ibùkún."

"Èmi kọ́ ni mò ń gbé àga."

Ewúrẹ́ kan ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń jẹko lẹ́yìn ọ́fíìsì wọn. Kò yára rárá. Mo wo fáìlì mi. Ìgbà tí mo sùn ló ti gun bẹ́ǹṣì wá bá mi. Kóró ìgbẹ́ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù náà, dúdú, róbótó, ó ṣì ń gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n, torí iṣẹ́ mi ni. Wọ́n dọ́gba délẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá kóró tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀dà mẹ́ta lẹ ní?" mo bi í.

"Ẹ̀dà mẹ́ta."

"Ó ti pé."

Mo rọra pa fáìlì náà dé, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò ṣí i. Ó mú òǹtẹ̀ jáde nínú báàgì rẹ̀, ó mí sí i lẹ́ẹ̀mejì kí tàdáwà rẹ̀ lè rọ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn fáìlì: A TI RÍ I.